Ẹ̀kọ́ Òru Lẹ́yìn Iṣẹ́ Òòjọ́: Ọ̀rọ̀ Àwọn Tí Ń Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ní Festac àti Amuwo-Ọ̀dọ̀fin

Ẹni tí ó bá gba Festac kọjá ní agogo márùn-ún ìdájí yóò rí i pé ìlú ti jí. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dúró sí etí títì, wọ́n ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Mile 2, kí wọ́n lè ti ibẹ̀ lọ sí Àpápá, Marina, Ìkòyí tàbí Victoria Island. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 2 sí Marina, ara ti dẹ díẹ̀ fún àwọn kan. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ń padà wọlé ní agogo mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án alẹ́ kò níye. Wọn yóò jẹun, wọn yóò wẹ̀, wọn yóò kó àwọn ọmọ jọ fún àdúrà alẹ́.

Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọjọ́ parí sí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa lóde òní, iṣẹ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Baba ilé tàbí ìyá ilé yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò ra dátà, yóò sì máa kọ́ bí a ti ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀dọ́ ń pe iṣẹ́ náà ní kóódìn. Owó oṣù kò tó ná mọ́, wọ́n sì ti gbọ́ pé iṣẹ́ yìí ń gbé ènìyàn ga.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, a fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò: kí ni iṣẹ́ yìí? Níbo ni a ti lè kọ́ ọ láìsan owó gọbọi? Ewu wo ni ó wà níbẹ̀? Báwo sì ni ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù yóò ṣe kọ́ ọ tí ilé rẹ̀ kò fi ní dàrú?

KÍ NI IṢẸ́ NÁÀ GAN-AN?

Bí ìyá kan bá rán ọmọ rẹ̀ ní ọjà Agboju pé kí ó lọ ra tòmátì, ọmọ náà yóò lo ọgbọ́n orí rẹ̀. Bí tòmátì bá ti rà, kò ní í rà á. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò padà wá béèrè. Kọ̀ǹpútà kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ sọ fún un, lẹ́sẹẹsẹ: lọ sí ọjà, bí tòmátì bá dára, béèrè iye rẹ̀, bí iye náà kò bá kọjá èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, rà á, bí ó bá kọjá rẹ̀, padà wálé. Bí a bá gbàgbé ẹyọ ìlà kan ṣoṣo nínú àṣẹ wọ̀nyí, iṣẹ́ yóò dúró. Kíkọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní èdè tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ni iṣẹ́ tí à ń sọ.

Èdè náà kò jẹ́ ẹyọ kan. Python wà, tí Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní ọdún 1991. JavaScript náà wà, tí Brendan Eich, ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe ní ọdún 1995, tí a fi ń mú kí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ṣiṣẹ́. Àwọn ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ kún fún irú iṣẹ́ yìí: ẹ̀rọ POS tí ó wà ní gbogbo ìkòríta, nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ lórí fóònù láti fi owó ránṣẹ́, àti káàdì Cowry tí a fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2. Ènìyàn ni ó jókòó kọ àṣẹ tí gbogbo wọn ń tẹ̀ lé.

FESTAC ÀTI ÌTÀN ÒRU RẸ̀

Kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ yìí ní àdúgbò wa kí a fi ìtàn sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ Festac Town láti gba àwọn àlejò tí wọ́n wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún náà, a fi ìbò pín àwọn ilé fún àwọn ará ìlú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́ àti akọ̀wé ṣe di ará Festac nìyẹn, tí wọ́n sì tọ́ ọmọ wọn dàgbà ní àwọn Avenue àti Close wọ̀nyí.

Nígbà tí ọdún 2000 fi ń bẹ̀rẹ̀, ilé íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a ń pè ní káfè, pọ̀ ní Festac. Àwọn ọ̀dọ́ ń san owó kékeré láti wà níbẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Àwọn kan ń wá fọ́ọ̀mù yunifásítì, àwọn kan ń kọ lẹ́tà sí ẹbí ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ó ṣeni láàánú pé àwọn mìíràn ń fi òru náà lu àwọn ará òkè òkun ní jìbìtì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2005, àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ti ń dárúkọ Festac nítorí iṣẹ́ ibi yìí. Àjọ EFCC, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn káfè wọ̀nyí lọ. Láti ìgbà náà ni a ti máa ń fura sí ẹni tí ó bá ń ṣọ́ òru pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.

Ohun rere náà ṣẹlẹ̀ ní agbègbè kan náà. Ní Ajégúnlẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, Gbenga Sesan àti àjọ Paradigm Initiative bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlò kọ̀ǹpútà ní ọdún 2007. Ọwọ́ tí ó mú irinṣẹ́ ni a ó wò, kí a má wo irinṣẹ́ nìkan.

ÌYÀWÓ TÍ Ó FẸ́ MỌ ÒTÍTỌ́

Arábìnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ìsìn àárín ọ̀sẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní: "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bi bàbá àwọn ọmọ mi léèrè ohun tí ó ń ṣe lóru. Bí a bá ti gbàdúrà tán, ó di ìdí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá jí ní agogo kan, ó ṣì wà níbẹ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á pa á dé. Ṣé Yahoo ni ọkọ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún?" Ó ń sunkún bí ó ti ń sọ ọ́.

A ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá níbi tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ àpótí ẹrù tí ó ń wọlé láti èbúté. Nígbà tí a bi í léèrè, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ẹ má bínú, sà. Ojú ló ń tì mí. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí mo ti ń kọ́ kóódìn, mi ò sì mọ̀ bóyá mo máa lè ṣe é. Bí ìyàwó mi bá sún mọ́ mi, ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe ló máa ń pọ́n rokoṣo lójú kọ̀ǹpútà. Mi ò fẹ́ kí ó rí i pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ọ̀rọ̀ tọkọtaya bá wà lábẹ́ ìkòkò, èṣù a máa rí ibi dáná sí. Ọkùnrin yìí kò jalè, kò ní àlè, kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Ohun tí ó ń fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀rù tí ó ń bà á pé òun yóò kùnà. Ìyàwó rẹ̀ náà kò ṣẹ̀ bí ó ti fura, nítorí ó ti mọ ohun tí òru Festac ti sọ ọmọ ọlọ́mọ dà.

A ní kí ó ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ó fi ojú ìwé kékeré kan hàn wá tí ó fi ń ṣírò owó ilé: owó ilé ìwé àwọn ọmọ, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Owó ọkọ̀ ilé ìwé tí ẹ kọ síbẹ̀ yìí ti di ti àná. Wọ́n ti fi kún un." Ọkọ ṣe àtúnṣe rẹ̀ lójú wa, àpapọ̀ rẹ̀ sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di nǹkan àwọn méjèèjì. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí òru tí ọkọ yóò fi kẹ́kọ̀ọ́ àti èyí tí yóò fi sinmi. Wọ́n gbà wá láàyè láti sọ ìtàn náà láìdárúkọ wọn.

Ọkùnrin náà kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì tíì máa gba owó dọ́là. Ṣùgbọ́n ó ti kọ ètò kékeré kan tí ó ń tò àkọsílẹ̀ àpótí ẹrù ní ọ́fíìsì rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń gba odidi ọ̀sán kan ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀.

NÍBO NI A TI LÈ KỌ́ Ọ LỌ́FẸ̀Ẹ́?

Ọ̀pọ̀ rò pé owó ńlá ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ díẹ̀.

Ekínní ni freeCodeCamp. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Quincy Larson, ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2014. Olùkọ́ àti olùdarí ilé ẹ̀kọ́ ni tẹ́lẹ̀. Ó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń gbé e ró, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Èkejì ni ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní CS50, láti Yunifásítì Harvard, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n David Malan ń kọ́ni. Láti ọdún 2012 ni ó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ẹni tí kò tíì kọ ìlà kan rí lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó le díẹ̀, ó sì gba sùúrù.

Ẹ̀kẹta ni ètò ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní 3MTT, tí Dókítà Bosun Tijani, Mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Èrò wọn ni láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní irú iṣẹ́ yìí. Ènìyàn 30,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mínísítà náà kan náà wà lára àwọn tí wọ́n dá Co-Creation Hub sílẹ̀ ní Yábàá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí Sololearn, kí ó tó rí owó ra kọ̀ǹpútà àlòkù. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe na fóònù yín síta létí fèrèsé dánfó ní Mile 2 nítorí pé ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ti rí níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá àti ọ̀dọ́mọbìnrin wa, ẹ má ṣe sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ire Aderinokun ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Google fún ní oyè Google Developer Expert. Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ènìyàn ni ó kà ní yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹni tí yóò kọ́lé a kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, freeCodeCamp ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ní ìwé ẹ̀rí sí nǹkan bí wákàtí 300. Òṣìṣẹ́ tí ó bá lè rí wákàtí kan lójúmọ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, àti wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ti ní wákàtí mẹ́jọ lọ́sẹ̀. Bí a bá pín 300 sí mẹ́jọ-mẹ́jọ, yóò gbà á tó ọ̀sẹ̀ 38, èyí tí í ṣe nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ kan péré nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ náà dé ibi tí ènìyàn yóò fi gbà á síṣẹ́, kí ó múra fún ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì.

A kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. A sọ ọ́ kí ẹni tí ó bá wà ní oṣù kẹta má baà rò pé òpònú ni òun. Oyún oṣù mẹ́ta kì í ṣe oyún tí ó kùnà.

Iná mànàmáná àti dátà náà tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, títan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀kọ́ di ohun tí apá kò ká mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba tún gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láàyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Nítorí náà, ẹ kọ́ bí a ti ń ṣọ́ owó ná. Kíka ẹ̀kọ́ kì í jẹ dátà bí wíwo fídíò. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ wo fídíò, ẹ gbà á sílẹ̀ ní àkókò tí dátà dínwó, kí ẹ máa wò ó nígbà tí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì di ìṣòro káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tí ó ti fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÌLÉRÍ ASÁN

Àwọn kan wà tí wọ́n ń gba owó gọbọi, tí wọ́n ń sọ pé láàrin oṣù mẹ́ta ènìyàn yóò máa gba dọ́là. Ẹ bi wọ́n léèrè: níbo ni àwọn tí ẹ ti kọ́ wà? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe? Bí wọn kò bá lè fi ẹyọ kan hàn yín, ẹ mú owó yín padà sílé. Àwọn ẹ̀kọ́ tí a ń fi dọ́là san owó wọn tún ti wọ́n kọjá agbára òṣìṣẹ́. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Ní ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe òkè tí kì í mì. Ilé iṣẹ́ Andela, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2014, gba àwọn ọ̀dọ́, ó kọ́ wọn, ó sì ń san owó oṣù fún wọn. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó dá àwọn tí ó tó 400 dúró ní Nàìjíríà, Kenya àti Uganda. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nínú iṣẹ́ ni wọ́n, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọn tí ó ti gbówọ́.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde, ẹ̀rọ pàápàá ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn kan bi wá pé, ṣé ó tún yẹ kí a kọ́ ọ? Ìdáhùn wa ni pé ó yẹ, ṣùgbọ́n kí a kọ́ ọ dénú. Ẹ̀rọ náà a máa ṣe àṣìṣe, a sì máa fi ìgboyà ṣe é. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kò ní í mọ̀ nígbà tí ó bá parọ́ fún un. Ẹni tí ó sì ti mọ iṣẹ́ àpótí ẹrù, iṣẹ́ báńkì tàbí iṣẹ́ olùkọ́ tẹ́lẹ̀ ní ohun tí ọ̀dọ́ tí kò ṣiṣẹ́ rí kò ní: ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN ÌDÍLÉ

1. Ẹ sọ fún ara yín. Kí ọkọ tàbí aya má ṣe kẹ́kọ̀ọ́ níkọ̀kọ̀. Ẹ jọ jókòó, kí ẹ jọ mú wákàtí àti owó tí ẹ lè yọ sílẹ̀.

2. Ẹ má ṣe fi iṣẹ́ tí ó ń bọ́ yín sílẹ̀ nítorí èyí tí ẹ kò tíì mọ̀. A kì í torí pé a ń lọ sódò ní ọ̀la kí a da omi inú àmù nù lónìí.

3. Ẹ má ṣe jí àkókò ọ̀gá yín. Bí ẹ bá fẹ́ lo iná tàbí íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ tọrọ àyè.

4. Ẹ sùn. Ẹni tí ó jí ní agogo mẹ́rin tí ó sì sùn ní agogo méjì kò kẹ́kọ̀ọ́, ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́ ni. Àwọn oníṣègùn sọ pé àgbàlagbà nílò oorun tó wákàtí méje. Ó sàn kí a fi ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ojú tí ó là ju kí a fi wákàtí mẹ́ta tòògbé níwájú kọ̀ǹpútà.

5. Ẹ ṣe ohun tí ènìyàn lè rí. Ẹ kọ ètò kékeré fún ilé yín, fún ṣọ́ọ̀bù yín, fún ẹgbẹ́ yín nínú ìjọ, kí ẹ sì fi í sí GitHub níbi tí agbanisíṣẹ́ ti lè wò ó. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni ó ń sọ̀rọ̀.

6. Ẹ fa àwọn ọmọ mọ́ra. Ètò kan wà tí a ń pè ní Scratch, tí ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà gbé jáde fún àwọn ọmọdé ní ọdún 2007. Ọ̀fẹ́ ni. Bí bàbá bá ń kọ́ tirẹ̀ tí ọmọ sì ń kọ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀kọ́ kò ní í gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ.

7. Ẹ wá ẹnì kejì. Ẹni tí ó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ lóru tètè ń rẹ̀wẹ̀sì. Bí ẹni méjì bá wà ní Close kan náà, kí wọ́n máa pàdé lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀, kí wọ́n bi ara wọn léèrè ibi tí wọ́n dé.

Àwa tí a kọ́ títẹ ìwé lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ̀ pé irinṣẹ́ ń yí padà. Ohun tí kì í yí padà ni pé iṣẹ́ tí a fi òtítọ́ ṣe kì í ti ojú ẹni. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi òru kọ́ iṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin aya àti ọkọ wọn, ní alẹ́ òní, bí wọ́n bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ fa àga kan sún mọ́ wọn, kí ẹ sì bi wọ́n pé, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.